Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: Ohun tí àwọn olùwòye òkèèrè ń rí nínú ìbò wa, àti ohun tí wọn kì í rí

Bí ìbò gbogbogbòò bá ti ń kan ilẹ̀kùn ní Nàìjíríà, ohun kan wà tí àwọn àgbà ti mọ̀ dunjú. Àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Yúróòpù, láti Amẹ́ríkà, láti àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lì àti láti ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n á wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tí wọ́n kọ orúkọ àjọ wọn sí, wọ́n á di ìwé àti bírò mú, wọ́n á sì máa ti ibùdó ìdìbò kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí ìbò bá parí, kì í pẹ́ kí wọ́n tó pe àwọn oníròyìn jọ sí Àbújá, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí sí wọn létí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wọ bàálù, ó di ọdún mẹ́rin.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni èyí: kí ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò yìí wúlò fún lọ́dọ̀ ẹni tó tò sórí ìlà láti àárọ̀ kùtù ní Ìdásẹ̀n, ní agbègbè Ọ̀wọ̀, tàbí ní Ifọ́n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀? Ṣé wọ́n lè bá a ṣọ́ ìbò rẹ̀ ni, àbí ìwé lásán ni wọ́n wá kọ? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìtàn ìbò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó fi hàn pé òdodo ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ojú olójú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà tí òyìnbó kì í ṣe àlejò

Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti oṣù Kejìlá ọdún 1959, èyí tó ṣáájú òmìnira, òyìnbó kì í ṣe olùwòye rárá. Òun gan-an ló ṣètò ìbò. R. E. Wraith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni alága àjọ elétò ìdìbò nígbà náà. Nígbà tí ìbò 1964 fi máa dé, Eyo Esua ti bọ́ sí ipò náà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ni ètò ìbò wà, yálà ó dára tàbí kò dára.

Kò sí ará Ọ̀wọ̀ tó dàgbà tí yóò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983. Olóyè Adekunle Ajasin, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀, tó ti ń ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, tún jáde láti du ipò náà. Olóyè Akin Omoboriowo, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀, ti kúrò nínú UPN lọ sínú NPN, ó sì jáde láti bá a du ipò. Àjọ FEDECO kéde pé Omoboriowo ló wọlé. Ìlú gbiná. Wọ́n dáná sun ilé, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn ènìyàn ńlá sì wà nínú àwọn tó kú.

Nígbà náà, àṣà kí Yúróòpù máa kó olùwòye wá sí ilẹ̀ wa kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé èsì ìbò àti ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn jẹ́ ní kóòtù ló dá ipò Ajasin padà fún un. Ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Ajasin sì jàre. Oṣù mélòó kan péré ni ó tún lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: ìwé tí a kọ, tí a sì pa mọ́, ló gbà wá sílẹ̀.

Carter, Falae àti ìbò 1999

Nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1999, àwọn àlejò wá lọ́pọ̀ yanturu. Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, Jimmy Carter, ló ṣáájú ikọ̀ kan, pẹ̀lú ọ̀gágun Colin Powell àti Mahamane Ousmane tó ti jẹ́ ààrẹ Niger. Ìbò ààrẹ tí wọ́n dì ní 27 oṣù Kejì ọdún náà jẹ́ ti ọmọ Yorùbá méjì: Olóyè Olusegun Obasanjo ti PDP, àti Olóyè Olu Falae, ọmọ Àkúrẹ́, tí AD àti APP jọ fà kalẹ̀. INEC kéde ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 18 fún Obasanjo, ó sì kéde ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 11 fún Falae.

Carter kọ lẹ́tà sí INEC kó tó lọ. Ó ní iye ènìyàn tí àwọn rí ní àwọn ibùdó ìdìbò àti iye ìbò tí wọ́n kéde ní àwọn ìpínlẹ̀ kan jìnnà síra wọn púpọ̀, nítorí náà àwọn kò lè sọ bí èsì ìbò náà ṣe jẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Falae gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà kò sì já sí i lọ́wọ́. Wọ́n búra fún Obasanjo ní 29 oṣù Karùn-ún, àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn olùwòye ti wá náà sì rán àwọn ènìyàn wọn wá bá a yọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí olùwòye sọ pé nǹkan kò dára, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan yí padà. Kì í ṣe adájọ́. Kò lè fagi lé ìbò, kò lè pàṣẹ kí wọ́n tún un ka, kò sì gbọ́dọ̀ dá sí ohun tó ń lọ níwájú rẹ̀, bó ti wù kí ó burú tó. Òfin tí ó dè wọ́n nìyẹn. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìlànà tí àwọn àjọ olùwòye fọwọ́ sí ní olú-ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005.

Ìbò 2007 àti ohun tí ìròyìn burúkú lè ṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìgbà tí ojú àwọn olùwòye ríran jù lọ, ọdún 2007 ni. Max van den Berg, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣáájú ikọ̀ Yúróòpù. Ìròyìn wọn ni pé ìbò náà jìnnà sí ìwọ̀n tí ayé àti ilẹ̀ Áfíríkà gbà pé ó tọ́, àti pé ó kéré tán, igba ènìyàn ló bá ìjà ìbò náà lọ. Àjọ NDI láti Amẹ́ríkà, tí Madeleine Albright wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, sọ ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwòye ti ilẹ̀ wa, ìyẹn àjọ TMG, tiẹ̀ ní kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n tún un dì.

Wọn kò tún un dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń búra fún Ààrẹ Umaru Yar'Adua ní 29 oṣù Karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Kò pẹ́ tó fi yan ìgbìmọ̀ kan tí adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Uwais, jẹ́ alága rẹ̀, láti wá ọ̀nà tí ètò ìbò fi lè dára. Ìgbìmọ̀ náà jíṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2008. Òfin ìdìbò tuntun dé ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega di alága INEC, nígbà tó sì di 2015, kádì ìdìbò alálòpẹ́ àti ẹ̀rọ tí ń ka kádì ti wà, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè sì fìdí rẹmi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò yẹ kí a sọ pé àwọn olùwòye nìkan ló ṣe gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìròyìn wọn mú kí ìtìjú náà nira láti gbé mì.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ńkọ́? Ní 14 oṣù Kẹrin 2007, wọ́n kéde pé Dókítà Olusegun Agagu ti PDP ló wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Dókítà Olusegun Mimiko ti ẹgbẹ́ Labour kò gbà, ó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò lọ. Kò ka ìròyìn Yúróòpù kalẹ̀ kó sì dákẹ́. Ó kó ìwé ìbò jáde, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ ìtẹ̀ka tó wà lára wọn wò, tí ó fi hàn pé ẹnì kan náà tẹ ìwé tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Onímọ̀ ìtẹ̀ka tó ṣe iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni òun náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: àwọn ará ilé ló pè é, iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó sì dúró níwájú adájọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Ní 25 oṣù Keje 2008, ìgbìmọ̀ náà dá Mimiko láre. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Bìní fọwọ́ sí i ní 23 oṣù Kejì 2009, wọ́n sì búra fún un lọ́jọ́ kejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, kí a má baà ka ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá sí wọn lọ́rùn. Àwọn kan lára olùwòye Yúróòpù máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìbò. Wọ́n á lọ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn ọlọ́pàá, àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ INEC. Àwọn yòókù á dé nígbà tí ìbò bá ku ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á máa kọ èsì ìbéèrè sínú fọ́ọ̀mù: Ìgbà wo ni ibùdó ṣí? Ṣé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni tó ń dìbò rí ibi ìkọ̀kọ̀? Ṣé wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní 2023, ibùdó ìdìbò tó wà ní Nàìjíríà lé ní 176,000. Ti ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan jẹ́ 3,933. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni Yúróòpù rán wá sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ sáré dé ibùdó mẹ́wàá lóòjọ́, ohun tí gbogbo wọn lè rí kò ju ẹ̀kán omi kan nínú odò Ọ̀sẹ̀ lọ.

Ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n ń lò náà tún jẹ́ ìṣòro. Ní oṣù Kẹrin 2011, àwọn olùwòye yin ìbò ààrẹ pé ó sàn ju ti 2007 lọ fíìfíì, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń yìn ín lọ́wọ́ ni ìjà ń jà ní apá àríwá. Àjọ Human Rights Watch ní ó lé ní 800 ènìyàn tó kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án.

Ohun tó wà nínú ìkòkò

Ohun mìíràn wà tí ìwé àti bírò kò lè tètè mú. Nígbà ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì ní oṣù Keje 2018, ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro kan: "dìbò kí o sebẹ̀." Àwọn òyìnbó ń pè é ní ìbò rírà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló mọ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ebi wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, ìtìjú sì fara pamọ́ sí abẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àlejò rí ìlà tó gún régé, ó rí ọlọ́pàá tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì kọ ọ́ pé ìbò lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Kò sí ní àdúgbò lóru àná nígbà tí ọwọ́ ń bọ àpò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú rí. Ohun tí àwọn olùwòye máa ń kọ léraléra ni pé àwọn ẹgbẹ́ wa kò ní èrò tó yà wọ́n sọ́tọ̀, pé owó ló ń yan olùdíje, pé àwọn obìnrin kò rí àyè. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe irọ́: ní 2022, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ. Ṣùgbọ́n ará Oǹdó kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un. Mimiko ti ṣe AD, ó ti ṣe PDP, ó ti ṣe Labour, ó tún padà sí PDP ní 2014. Ní 2020, Agboola Ajayi, igbákejì Gómìnà Rotimi Akeredolu, kúrò nínú APC bọ́ sí PDP, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà níbẹ̀, ó sì ti wà nínú ZLP kí oṣù mélòó kan tó pé. Ẹni tó bá rántí 1983 yóò rí i pé igbákejì gómìnà tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò kì í ṣe ohun tuntun.

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn kì í fi orúkọ ẹgbẹ́ nìkan dìbò. Ìlú tí olùdíje ti wá, ẹni tó ṣe ọ̀nà, ẹni tó bá wọn sin òkú, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sínú àpótí. Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ṣe ipò kẹta nígbà tó díje lábẹ́ ACN ní 2012. Ó wọlé lábẹ́ APC ní 2016, ó sì tún wọlé ní 2020 pẹ̀lú ìbò 292,830.

Ilẹ̀ Tọ́kì náà mọ ọ̀rọ̀ yìí

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń wò. Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, àjọ OSCE láti Yúróòpù ti wo ìbò léraléra. Ní oṣù Kẹrin 2017, nígbà tí wọ́n dìbò láti fi agbára kún ọwọ́ ààrẹ, àwọn olùwòye ní pápá kò tẹ́jú fún àwọn alátakò, àti pé àjọ elétò ìdìbò gba àwọn ìwé ìbò tí kò ní òǹtẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń dìbò tán. Ààrẹ Erdoğan fèsì pé kí wọ́n mọ ipò wọn. Ní 2023, wọ́n ní ìbò náà létò, àwọn ènìyàn sì ní ẹni tí wọ́n lè yàn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba gbè sẹ́yìn ẹni tó wà lórí oyè.

Èyí tó kan wa jù ni ti Istanbul ní 2019. Ekrem İmamoğlu, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ìbò borí nínú ìdíje olórí ìlú náà. Wọ́n fagi lé e ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún un dì ní 23 oṣù Kẹfà, ìbò tó fi borí lé ní 800,000. Àwọn ará ìlú ló tú jáde láti dá a lóhùn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Tọ́kì ti wá dùn, torí pé ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n mú İmamoğlu, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ní 2023, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀, ó lé ní 85 tó jáde. Ní ilẹ̀ wa lọ́dún kan náà, nǹkan bí 27 péré ni.

Èsì tí Àbújá fún wọn náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Erdoğan. Nígbà tí ikọ̀ Yúróòpù tí Barry Andrews, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ṣáájú gbé ìròyìn wọn jáde ní òpin oṣù Kẹfà 2023, wọ́n ní àìsí èsì ìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò ti ba ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà, ó ní kò sí ìbò tó dára tó o láti 1999.

Ó sì tọ́ kí a bi àwọn àlejò náà léèrè bí ilé tiwọn ṣe rí. OSCE ti ń wo ìbò Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ láti 2002. Àwọn tiwa náà ń lọ wo ti ẹlòmíràn: Obasanjo lọ sí Senegal ní 2012 àti sí Zimbabwe ní 2013, Jonathan lọ sí Tanzania ní 2015.

Nígbà tí àlejò kò sí nílé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ará Ìdásẹ̀n gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Nítorí ẹjọ́ tí Mimiko jàre ní 2009, ìbò gómìnà Oǹdó kì í bá ti gbogbogbòò rìn mọ́. Ó dá dúró ní 2012, 2016, 2020 àti 2024. Àwọn ikọ̀ ńlá láti Yúróòpù kì í wá fún irú ìbò bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba òkèèrè díẹ̀ ni a máa ń rí. Lóòótọ́, ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní fún àwọn kan ní físà nítorí ìwà wọn ṣáájú ìbò Ẹdó àti Oǹdó. Ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ wọn, ẹni tí kò sì ní lọ sí Amẹ́ríkà láéláé kò ní fi ìyẹn ṣe nǹkankan.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, Lucky Aiyedatiwa ti APC wọlé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì; àwọn tó jáde kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Ní 18 oṣù Kìíní 2025, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo náà ló kó ipò alága méjìdínlógún àti ti káńsílọ̀ 203 láìku ẹyọ kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀nà oko, ọjà àti ilé ìwòsàn kékeré. Òun ló sún mọ́ àgbẹ̀ jù, òun sì ni ojú àlejò jìnnà sí jù.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ará ìlú kò le. Fọ́ọ̀mù EC8A ni wọ́n ń kọ èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ èsì mọ́ ibùdó kí gbogbo ojú lè rí i. Ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi kà á tán, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tí ó yà á ní fọ́tò, ti ṣe ohun tí àlejò ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àjọ Yiaga Africa, tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa, ṣe ní Oǹdó ní 2020: wọ́n fi èèyàn tiwọn sí àwọn ibùdó tí wọ́n yàn, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n sì lè sọ pé èsì tí INEC kéde bá ohun tí wọ́n rí mu.

Kí àlejò máa bọ̀, ilé ò ní ṣàì gbà á. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1999 àti 2007 wà nílẹ̀ títí dòní, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó dá Ajasin padà ní 1983, àti èyí tó gbé Mimiko wọlé ní 2009, láti ibùdó ìdìbò ni wọ́n ti mú un wá. Ẹni tó ni àpò ló ń ṣọ́ àpò.